Fe(salen)Cl mi ń mú 1.87 BM jáde, ṣé low-spin ni lóòótọ́? Ẹ gbà mí o

ọmọ_láàbù

Ẹ káàsán o ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo nǹkan yìí, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń rò ó. Máásítàs ni mò ń ṣe, àwọn kọ́ńpáùndì irin ni iṣẹ́ mi dá lé. Mo se salen (mólékù tó máa ń di irin mú) fúnra mi, salicylaldehyde méjì sí ethylenediamine kan, ó yọ yẹ́lò, ó ń dán, ó dáa gan-an. Mo wá yọ́ ọ nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù gbígbóná, mo da FeCl3·6H2O sí i, nígbà tí mo rí i pé nǹkan náà ò tètè fẹ́ bọ́ sílẹ̀ mo fi triethylamine díẹ̀ lé e, kíá ló di lẹ́búlẹ́bú pupa tó jọ epo pupa tó ti dì. Mo sẹ́ ẹ, mo fọ̀ ọ́, mo sá a gbẹ, mo kọ Fe(salen)Cl sára ìgò ẹ̀.

Mo gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n Gouy (èyí tó ń wọn bí òòfà ṣe ń fa nǹkan) tó wà ní dípátímẹ́ǹtì wa, Hg[Co(SCN)4] ni mo fi ṣe àfiwé, ní 27°C. χg tó jáde (bí gíráàmù kan ẹ̀ ṣe ń dá òòfà lóhùn) jẹ́ 4.06×10⁻⁶. Mo fi 357.6 sọ ọ́ di ti móòlù, mo ṣírò ẹ̀, 1.87 BM (Bohr magneton, ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára òòfà) ló bá mi. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé Fe(III) tó bá jẹ́ high-spin, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù márùn-ún ló dá wà nínú ẹ̀, 5.92 ló yẹ kó ní, tó bá jẹ́ low-spin ẹyọ kan péré ló dá wà, 1.73. Èmi náà wá kọ ọ́ pé low-spin ni. Súpáfáísọ̀ mi kà á, wọ́n fi bírò pupa fàlà sí i, wọ́n kọ "ṣé ó dá ẹ lójú?" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọn ò sọ nǹkan mìíràn. Ó dá mi lójú tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ látìgbà tí mo ti rí ìbéèrè yẹn kò dá mi lójú mọ́. A ò ní SQUID (ẹ̀rọ tó ń wọn òòfà láti inú òtútù dé ooru), a ò ní Mössbauer (èyí tó ń fi ìtànṣán gamma wo inú irin), IR (ẹ̀rọ infrared) nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ìyẹn náà bí iná bá wà. Kí ni kí n ṣe?

akin_spectro

Àbúrò, fọkàn balẹ̀. 1.87 àti 1.73 sún mọ́ra. Low-spin Fe(III) kì í sábà dúró sí 1.73 gan-an, torí yíyí tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń yí ká núkílíọ́ọ̀sì náà máa ń fi tiẹ̀ kún un, K3[Fe(CN)6] pàápàá, yí 2.3 ká ló máa ń wà. Tìẹ wà láàárín méjèèjì. High-spin ò lè kéré tó báyìí láéláé. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí o máa bá iṣẹ́ lọ.

ìyá_kírísítálì

Ẹ̀gbọ́n Akin, ẹ má bínú o, mi ò lè gbà pẹ̀lú yín lórí eléyìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ọmọ yìí má lọ tẹ̀ ẹ́ sínú tísíìsì.

Àfiwé K3[Fe(CN)6] yẹn gan-an ló máa ṣi èèyàn lọ́nà. Cyanide mẹ́fà ló yí irin ká níbẹ̀, cyanide sì wà lára àwọn tó lágbára jù lọ láti fipá mú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù so pọ̀ ní méjì méjì. Salen kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀ rárá. Náítírójìn méjì àti ọ́kísíjìn méjì ni salen ní, ọ́kísíjìn phenol ò sì lágbára kankan láti ṣe irú ẹ̀. Fe(salen)Cl tó jẹ́ ojúlówó, high-spin ni, gbogbo èèyàn tó ti ṣe é ló mọ̀. Òótọ́ ni pé tí wọ́n bá fi imidazole méjì há irin náà lókè àti nísàlẹ̀, salen lè gbé e dé ibi tí á ti máa lọ máa bọ̀ láàárín high-spin àti low-spin bí òtútù bá ṣe ń pọ̀ sí i, àmọ́ ọmọ mi, o ò dárúkọ imidazole kankan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kó o fi nọ́ḿbà yẹn sílẹ̀ ná, kó o padà sínú ìkòkò. Ka nǹkan tí ìwọ fúnra ẹ kọ. O lo FeCl3·6H2O, omi wà nínú ẹ̀. O da triethylamine lé e, béèsì nìyẹn. Lẹ́búlẹ́bú ẹ wá yọ pupa bí epo. Fe(salen)Cl kì í pupa bí epo o, dúdú ló máa ń yọ, búráùn tó fẹ́ẹ́ jọ elése àlùkò, béèyàn bá dì í mú síbi ìmọ́lẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí àwọ̀ ẹ̀. Èyí tó máa ń yọ pupa bí ọsàn tàbí bí epo ni [Fe(salen)]2O. Béèsì yẹn ló gba háídírójìn lọ́wọ́ omi, kílóráìdì bá kúrò, irin méjì wá pín ọ́kísíjìn kan ṣoṣo láàárín ara wọn, Fe–O–Fe, bí afárá.

Tí irin méjì bá ti wà létí afárá kan báyìí wọn kì í dá ṣe tiwọn mọ́. High-spin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣì jẹ́, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù márùn-ún márùn-ún ló wà nínú wọn tó dá wà, àmọ́ ọ́kísíjìn àárín yẹn so wọ́n pọ̀ débi pé bí tọ̀hún bá kọjú sókè, ti ìhín á kọjú sílẹ̀. Ó dà bí ẹni méjì tó ń ti ìlẹ̀kùn kan náà, ọ̀kan wà nínú ilé, ọ̀kan wà níta. Ẹni tó dúró lókèèrè rí i pé ìlẹ̀kùn ò mira, ó ní kò sẹ́ni tó ń tì í, bẹ́ẹ̀ òógùn ti bo àwọn méjèèjì. Òṣùwọ̀n Gouy ni ẹni tó dúró lókèèrè yẹn. Kò lè sọ fún ẹ bóyá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò sí ni àbí wọ́n wà àmọ́ wọ́n ń ti ara wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, láti 1967 ni Lewis, Mabbs àti Richards ti tẹ iṣẹ́ jáde lórí irú àwọn kọ́ńpáùndì yìí gan-an, tí wọ́n wọn agbára òòfà wọn.

Ohun tí wàá ṣe rèé, kò sí èyí tó nílò SQUID níbẹ̀. Lọ gbé IR ẹ jáde, má kàn wo C=N yí 1620 cm⁻¹ ká kí o sì gbé e tì bí gbogbo ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ṣe máa ń ṣe, sọ̀kalẹ̀ wá sáàárín 820 sí 860, tí bẹ́ńdì tó lágbára bá wà níbẹ̀ tí kò sí nínú salen lásán àti nínú Fe(salen)Cl gidi, afárá nìyẹn. Lẹ́yìn náà mú díẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú yẹn, fi nítíríìkì ásíìdì tó ti là tú u ká, sẹ́ ẹ, kán silver nitrate sí i. Tí kò bá funfun, kò sí kílóráìdì níbẹ̀ nìyẹn, orúkọ tó o kọ sára ìgò ò jẹ́. Tó o bá lówó àyẹ̀wò CHN (tó ń wọn kábọ́ọ̀nù, háídírójìn àti náítírójìn), kábọ́ọ̀nù Fe(salen)Cl jẹ́ 53.7%, ti èkejì 58.2%. Ìyàtọ̀ tó tóbi nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa ṣì í mú.

ọmọ_láàbù

Ẹ ṣé gan-an ma, orí mi ń gbóná. Mo ti lọ wo IR yẹn, bẹ́ńdì kan wà ní 830 lóòótọ́, ó ga, mo ti rí i látọjọ́ yìí mo kàn rò pé ti òrùka benzene ni. Ọ̀la ni màá ṣe ti silver nitrate.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan, ẹ má wò ó pé mo ń jiyàn. Tí irin méjì bá ń ti ìlẹ̀kùn lódì síra wọn, tí agbára wọn sì dọ́gba, márùn-ún sí márùn-ún, ṣé kò yẹ kó jẹ́ òdo ni? Níbo ni 1.87 ti wá? Ohun tó jẹ́ kí n gbà á ní low-spin nìyẹn, torí ó jọ nọ́ḿbà gidi.

bàbá_kelvin

Ìbéèrè tó dáa jù lọ lórí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn o, àbúrò. Gba bíró àti ìwé kó o bá mi ṣírò ẹ̀.

Tí spin 5/2 méjì (ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù márùn-ún tó dá wà nínú irin kọ̀ọ̀kan) bá so pọ̀, àpapọ̀ wọn, S, lè jẹ́ 0, 1, 2, 3, 4 tàbí 5. Wò wọ́n bí àkàsọ̀ àkàbà kan. Ilẹ̀ pátápátá ni S=0 wà, òdo tí ìwọ ń retí nìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni mólékù lè dúró sí, ooru á gbé àwọn kan gòkè. Ohun tó ń sọ bí àkàsọ̀ ṣe jìn síra ni J, fún [Fe(salen)]2O ó wà yí -95 cm⁻¹ ká béèyàn bá fi -2J kọ ọ́ (ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o, àwọn kan ń fi -J kọ ọ́, tiwọn á wá di ìlọ́po méjì, ọ̀pọ̀ ìjà ló ti ibẹ̀ wá). Pẹ̀lú -95, S=1 ga ní 190 cm⁻¹, S=2 ga ní 570, S=3 ní 1140, S=4 ní 1900, S=5 ní 2850.

Ooru inú yàrá ní 300 K, tá a bá fi cm⁻¹ wọ̀n ọ́n, bíi 208 ni. Ìyẹn ni pé ó ga ju àkàsọ̀ kìíní lọ díẹ̀, kò sì sún mọ́ ìkejì. Fi 2S+1 sọ ọ́ di púpọ̀, fi òfin Boltzmann (bí ooru ṣe ń pín mólékù sórí àkàsọ̀) pín in. Nínú 100 mólékù, bíi 39 ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, 47 wà lórí S=1, bíi 13 wà lórí S=2, ẹyọ kan lórí S=3, ìyókù ò tó nǹkan. Àwọn tó wà lókè yẹn ni òṣùwọ̀n ẹ rí. Nígbà tó o bá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ tó o pín in fún irin kọ̀ọ̀kan, 1.92 BM ló máa jáde.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tún ti ìwọ ṣe. Nǹkan méjì lo ṣe tí kò tọ̀nà. Àkọ́kọ́, 357.6 tó o lò, ti Fe(salen)Cl nìyẹn, tó bá jẹ́ [Fe(salen)]2O ni, 660.3 ni gbogbo ẹ̀, ìdajì ẹ̀ fún irin kan jẹ́ 330.1. Ìkejì, o ò yọ ti diamagnetism. Gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ti ní ẹnì kejì nínú salen yẹn ló ń ta òòfà dànù díẹ̀díẹ̀, o gbọ́dọ̀ dá a padà. Kéèyàn lo àwọn nọ́ḿbà Pascal (ti átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan) ló dáa jù, àmọ́ ká tètè lè rí i, ìdajì ìwọ̀n móòlù ní 10⁻⁶ tó, ìyẹn 165×10⁻⁶. Tó bá jẹ́ high-spin tó dá dúró ni, χ ẹ̀ á tó 14,600×10⁻⁶, 165 ò jẹ́ nǹkan kan nínú ẹ̀. Àmọ́ tìẹ kò ju 1,340×10⁻⁶ lọ, 165 lé ní ìdá mẹ́wàá ẹ̀, o ò lè fojú fò ó. Fi kún un, 1,505×10⁻⁶, lu 300 mọ́ ọn, wá root ẹ̀, lu 2.828 mọ́ ọn: 1.90.

1.90 tìẹ, 1.92 ti ìṣírò. Òṣùwọ̀n ẹ dáa, ọwọ́ ẹ náà dáa, orúkọ tó o fún un nìkan ni kò dáa.

Wò ó, àwọn nọ́ḿbà yìí kàn ṣèèṣì bọ́ síbi kan náà ni. Ká ní inú yàrá wa tutù tó 77 K ni, ohun kan náà yẹn á sọ̀kalẹ̀ dé bíi 0.56, kò sẹ́ni tó máa pè é ní low-spin. Tó o bá sì gbé e gbóná dé 350 K á gòkè dé bíi 2.1. Low-spin Fe(III) tó dá dúró ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, nọ́ḿbà ẹ̀ á kàn yí díẹ̀ díẹ̀ ni, kò ní já lulẹ̀ sún mọ́ òdo. Torí náà níbikíbi tó o bá ti rí agbára òòfà tí wọ́n wọ̀n nínú ooru yàrá nìkan, béèrè èyí tí wọ́n wọ̀n nínú òtútù.

akin_spectro

Mo gba ẹ̀bi mi, ìyá_kírísítálì, ẹ ṣé. Àbúrò, jọ̀ọ́ má fi ti mi kọ nǹkan kan. Ní tòótọ́ mi ò bojú wo triethylamine yẹn rárá, nọ́ḿbà ni mo wò. Ẹni tó bá wà níbi tí Mössbauer wà, ṣé á lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

ìjẹ̀bú_ní_Jámánì

Á yà wọ́n sọ́tọ̀ o, ohun tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé kì í ka àpapọ̀ bí òṣùwọ̀n ṣe ń kà á, inú irin kọ̀ọ̀kan ló ń wọ̀ lọ. Rudolf Mössbauer ló rí i ní 1958, wọ́n fún un ní Nobel ní 1961. 57Fe ló ń dá a lóhùn, bíi 2% nínú irin inú ayé ni, àmọ́ ó tó. A ó gbé cobalt-57 síwájú ẹ̀, a ó máa mi ín síwájú sẹ́yìn ní mílímítà mélòó kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, irin á mú èyí tó bá a mu nínú ìmọ́lẹ̀ 14.4 keV tó ń bọ̀.

High-spin Fe(III), isomer shift ẹ̀ (ibi tí àmì ẹ̀ bọ́ sí) máa ń wà yí 0.3 sí 0.5 mm/s ká, yálà ó ní afárá o, yálà kò ní. Tí tìẹ bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ low-spin ti tán nìyẹn. Ohun tó tún wú mi lórí jù ni pé tá a bá gbé e sínú hílíọ́ọ̀mù olómi ní 4.2 K tá a sì fi òòfà ńlá kan há a mọ́, núkílíọ́ọ̀sì náà ò ní rí ju òòfà tí àwa fi há a lọ, irin fúnra ẹ̀ ò ní fi nǹkan kan kún un, torí gbogbo mólékù ti sọ̀kalẹ̀ wá sí S=0. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i lórí ẹ̀rọ, mo pe ẹni tó wà ní yàrá kejì wá wò ó.

Tó o bá rí kírísítálì kan tó dáa, X-ray á parí ẹ̀. Nínú [Fe(salen)]2O ìdè irin sí ọ́kísíjìn àárín kúrú, bíi 1.78 Å, igun Fe–O–Fe sì tó 145°. Wo Fe–N náà, nínú high-spin ó máa ń wà yí 2.1 ká, low-spin á fún un mọ́ra sísàlẹ̀ 2.0, torí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó kọjú sí náítírójìn gan-an ti kúrò lọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kedere kó lọ wo Fe(phen)2(NCS)2, Fe(II) nìyẹn o, ní 176 K ló máa ń dédé yí padà láti high-spin sí low-spin, àwọn Fe–N ti phen ẹ̀ á sún kúrú ní bíi 0.2 Å nínú ìdúró kan ṣoṣo.

Ìkìlọ̀ kan, má gbìyànjú láti gbin kírísítálì ẹ nínú chloroform tó ti pẹ́ nílẹ̀. HCl díẹ̀ máa ń wà nínú ẹ̀, á já afárá ẹ, á sì sọ ọ́ padà di kílóráìdì.

ìyá_kírísítálì

Ẹ ṣé o jàre, ìjẹ̀bú. Mo fẹ́ kí ọmọ yìí mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni nǹkan yìí ti rú lójú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú gbogbo wa gan-an, ìjà tó wà lórí ẹ̀ nìyẹn. Ní 1936 Pauling àti Coryell gbé ẹ̀jẹ̀ sórí òṣùwọ̀n òòfà, wọ́n rí i pé haemoglobin tí kò ní ọ́kísíjìn, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rin ló dá wà lórí irin ẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ọ́kísíjìn bá ti gùn ún gbogbo ẹ̀ á pòórá, á di òdo. Pauling ní irin ti di low-spin Fe(II) ni. Weiss dìde ní 1964, ó ní rárá, Fe(III) ni pẹ̀lú superoxide (ọ́kísíjìn tó ti gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan), ẹyọ kan ní ìhín ẹyọ kan lọ́hùn-ún, wọ́n ń ti ara wọn. Òdo kan náà, ìtumọ̀ méjì, àwọn èèyàn sì ń bá a fà á lẹ́yìn ìgbà yẹn. Nítorí náà fi ọkàn balẹ̀, àwọn tó jù ẹ́ lọ náà ti dúró síbi tó o dúró sí yìí.

ọmọ_láàbù

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo yín, mo ti dé. Mo ti ṣe ti silver nitrate, kò funfun rárá, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì torí mo kọ́kọ́ rò pé silver nitrate wa ti bàjẹ́, mo wá kán an sí omi iyọ̀, ó funfun bí ẹ̀kọ, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kílóráìdì ò sí nínú nǹkan mi.

Mo wá ṣe nǹkan mìíràn tí ẹ ò ní kí n ṣe. Mo mú ìdajì lẹ́búlẹ́bú pupa yẹn, mo fi ẹ́tánọ́ọ̀lù lé e, mo kán HCl sí i díẹ̀díẹ̀ mo sì ń rò ó, ojú mi báyìí ni pupa yẹn kúrò, ó dúdú, ó wá jókòó sísàlẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe ohun kan náà. Mo sẹ́ ẹ, mo sá a. Bẹ́ńdì 830 ti lọ. Mo gbé e sórí Gouy, mo fi 357.6 ṣe é lọ́tẹ̀ yìí, mo yọ diamagnetism gẹ́gẹ́ bí bàbá_kelvin ṣe kọ́ mi: 5.4 BM!

Inú mi dùn gan-an, àmọ́ kí ló dé tí kò fi dé 5.92? Ṣé pupa yẹn ṣì kù nínú ẹ̀ ni?

bàbá_kelvin

Ó lè kù nínú ẹ̀, àmọ́ mi ò rò bẹ́ẹ̀ tí 830 bá ti lọ pátápátá. Fe(salen)Cl náà máa ń fẹ́ kórajọ ní méjì méjì bó bá ti di kírísítálì, kì í ṣe afárá ọ́kísíjìn gidi ni, ọ́kísíjìn phenol ti ọ̀kan ló máa ń rọra fara kan irin èkejì láti ọ̀nà tó jìn díẹ̀. Ọwọ́ wọn ò le síra, J ibẹ̀ wà yí -7 ká, fi wé -95 ti tẹ́lẹ̀. Tó o bá ṣírò -7 ní 300 K, bíi 5.3 ló máa fún ẹ, ó sún mọ́ tìẹ. Tó o bá tún un gbìn nínú nitromethane, wọ́n máa ń pínyà, wàá rí i tó ń sún mọ́ 5.9.

ìjẹ̀bú_ní_Jámánì

Ọmọ_láàbù, fi ìwọ̀n díẹ̀ nínú pupa àti nínú dúdú yẹn sínú ìgò kékeré méjì, 40 mg kọ̀ọ̀kan tó, kọ orúkọ tó tọ́ sí wọn lára, kí o sì bi súpáfáísọ̀ ẹ bóyá wọ́n gbà kó o fi ránṣẹ́. Tí wọ́n bá gbà, fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì sí mi nínú ínbọ́ọ̀sì. Màá gbé wọn sórí SQUID láti 2 K dé 300 K, màá sì fi èyí tó bá ṣẹ́kù ṣe Mössbauer.

ọmọ_láàbù

Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Súpáfáísọ̀ mi ti gbà, àárọ̀ yìí ni mo fi hàn wọ́n, wọ́n ka gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n ní kí n mú dúdú àti pupa wá síwájú àwọn, wọ́n gbé méjèèjì síbi fèrèsé, wọ́n ń wò wọ́n. Mo ti bó lébẹ̀lì àtijọ́ kúrò lára ìgò. Lọ́jọ́ Ajé ni màá fi ránṣẹ́.